Páìpù Tí Omi Kò Gbà Kọjá

Ọkùnrin náà kì í ṣe olè, ó kéré tán lójú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá mú ẹni tó já fóònù gbà lójú pópó, òun ni yóò kọ́kọ́ bọ́ bàtà láti fi gbá a létí. Púlọ́ńbà ni, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kò sí páìpù tó ń jò tí kò lè dí, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dí tí kò lè là. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni ìwà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá mú kálámù pé kí òun kọ iye tí òun san sílẹ̀, yóò na àtẹ́lẹwọ́ síwájú bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, yóò ní, "Ẹ má kọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́." Ibẹ̀ ni àdúgbò ti rí orúkọ fún un. Má-Kọ-Ọ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi dá a lọ́lá.

Iye méjì ló máa ń dá fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èkíní ni iye tó ní rìsíìtì, èyí tó máa ń sọ sókè, tí yóò máa wo ògiri. Èkejì ni iye tí kò ní rìsíìtì, èyí tó fi ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ló máa ń sọ jẹ́jẹ́, tí yóò tẹjú mọ́ oníbàárà. Fún ọdún méjìlélógún tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni mẹ́ta péré ló tíì yan iye àkọ́kọ́, adití sì ni ọ̀kan nínú wọn, kò gbọ́ èkejì.

Àwọn yòókù kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà, tíṣà, oníṣòwò, baálé ilé tó ń fi gbogbo ẹnu bú ìjọba nítorí kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo wọn ló ń ka owó lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà lára wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì owó orí gan-an. Ìyẹn ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ pa kí ó tó sanwó, bí ẹni pé àga ìgbọ̀nsẹ̀ lè dìde lọ fẹjọ́ sùn.

Lọ́dọọdún, Má-Kọ-Ọ́ máa ń gba fọ́ọ̀mù owó orí, yóò sì kọ iye tó rí lọ́dún náà sínú rẹ̀. Iye ọ̀hún kò tó bọ́ ológbò. Yóò buwọ́ lù ú, yóò tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, yóò sì bọ́ síta lọ jẹun ọ̀sán tó pọ̀ ju ohun tí ẹni tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà lè rà jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ìjọba, nìkan ni kì í bá a rẹ́rìn-ín sí i. Ní oṣù tó kọjá, ìyá wọn ṣubú, ìbàdí rẹ̀ dá, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù náà. Àjà kẹrin ni yàrá rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ti bàjẹ́ láti oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ní láti fi àga gbé ìyá arúgbó gun àtẹ̀gùn, tó ń ké ní gbogbo ìgbésẹ̀. Má-Kọ-Ọ́ dúró sí ìsàlẹ̀, ó fi ariwo bọ ẹnu.

"Irú ìjọba wo nìyí? Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta! Kí ni wọ́n ń fi owó wa ṣe gan-an?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà lórí ìdúró láti òwúrọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú nínú bàtà funfun. Ó yíjú sí i.

"Owó ta ni?"

"Owó wa."

"Tèmi wà níbẹ̀, mo mọ̀. Wọ́n ti ń yọ ọ́ kí n tó fojú kan owó oṣù mi. Tìrẹ ni mò ń wá, àbúrò mi. Fi ìka tọ́ka sí i kí n rí i. Ṣé lára àtẹ̀gùn yìí ló wà ni, àbí lára gílóòbù tó ń tàn lókè yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ̀yin tí wọ́n ń fá lórí láìbomi sí i, tí ẹ tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ abẹ."

"Wọ́n ń fá mi lórí lóòótọ́. Ìwọ tí wọn ò fá, irun tìẹ ló ń já bọ́ sínú ọbẹ̀ gbogbo wa."

Ó kúkú yọ owó, ó fún àwọn ọkùnrin méjì tó gbé ìyá rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, òun ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Bí owó kò bá sí nínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Báńkì ní ojú, béèdì ní ìyàwó tó ń gbá abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Má-Kọ-Ọ́ ṣe iṣẹ́ tó fi yangàn jù lọ nínú ọkàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè fi han ẹnì kankan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì nínú balùwẹ̀ ilé òun fúnra rẹ̀, ó ri páìpù kan tó nípọn tó itan ọmọdé mọ́ ògiri, láti ilẹ̀ dé òkè. Ó fi ìdérí dé e lókè nísàlẹ̀, ó kùn ún ní àwọ̀ ògiri. Omi kò wọ inú rẹ̀ rí. Owó tó wé sínú ọ̀rá ni ó ń tì bọ̀ ọ́ láti òkè, ìdì kan lórí èkejì. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń gba inú rẹ̀ jáde. Ìyẹn gbà á gbọ́, ó so okùn mọ́ ọn, ó fi ń sá aṣọ ìnura.

Páìpù tó ń gbé omi ní tòótọ́, tó wà nítòsí rẹ̀, ti ń jò láti oṣù mẹ́jọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ síǹkì, ìyàwó ń dà á nù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ yóò ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀la ni." Ta ló máa sanwó fún un bó bá dí páìpù ilé ara rẹ̀?

Ohun tí owó inú páìpù wà fún ni ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń san owó ilé lórí ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tó kọjú sí títì, níbi tí gbogbo oníbàárà ti ń wá a. Onílé ti darúgbó, ó fẹ́ tà á kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì náà fẹ́ rà á, kí ó lè wó ògiri àárín. Obìnrin yìí máa ń já rìsíìtì fún ẹni tó wá ran bọ́tìnì kan péré. Má-Kọ-Ọ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, a máa pè é ní Akọ̀wé Àgbà. Gbogbo owó ni télọ̀ fẹ́ gba báńkì san. Má-Kọ-Ọ́ ní ọgbọ́n tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá," ó wí fún onílé, "ẹ jẹ́ ká kọ ìlàjì sínú ìwé, kí n kó ìlàjì tó kù lé yín lọ́wọ́. Ta ló máa mọ̀?"

Bàbá onílé rò ó díẹ̀, ó họ irùngbọ̀n. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní kú ikú àìlọ́gbọ́n. Ó dáa. Ọjọ́ Ẹtì, agogo mẹ́ta ọ̀sán. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ẹ, mo ti tà á fún télọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ mi ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ pé ó sanwó lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n dókítà kan ní ìlú kejì pè é fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, owó ọwọ́, láìsí ìwé. Ojúkòkòrò kì í jẹ́ kí ọbọ mọ̀ pé ọwọ́ òun ti kún. Ó gbé àpótí irinṣẹ́, ó lọ.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló padà dé. Ó fẹ́ fọ ojú, ó wọ balùwẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kò sí lábẹ́ síǹkì mọ́. Páìpù funfun tuntun ló ń gbé omi, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri, ó dán. Ibi tí páìpù ńlá wà tẹ́lẹ̀ ti di ojú ògiri lásán.

"Ìyá àwọn ọmọ!"

Ìyàwó rẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti rí i? Ẹ káàbọ̀ o. Omi ti ń jò dé kíṣìnnì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò lè dúró de ọ̀la yín mọ́. Mo pe púlọ́ńbà kan."

"Púlọ́ńbà wo?"

"Ọkùnrin kan ni. Ẹni tó ń ta páìpù ní ìkóríta ló júwe rẹ̀ fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá! Wákàtí méjì péré."

"Páìpù tó wà níbí dà?"

"Èyí tí mo fi ń sá aṣọ? Mo ní kó kó gbogbo ohun tó ti gbó kúrò. Ó wò ó títí, ó ní, 'Màmá, páìpù yìí ò so mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ṣe é ò kọ́ṣẹ́.'" Ó bo ẹnu, kí ẹ̀rín má baà bú jáde. "Ẹ má bínú. Mi ò sọ fún un pé ẹ̀yin ni."

Má-Kọ-Ọ́ di síǹkì mú. "Ó tú u? Lójú ẹ?"

"Mo wà ní kíṣìnnì. Mo gbọ́ tó fi ayùn gé òkè rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti gbé páìpù náà lé èjìká, ó fi àkísà dí ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹrẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Mo ní èló ni owó kíkó ẹ̀gbin, ó ní rárá o, òun á gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún dín owó iṣẹ́ kù, èmi ò bẹ̀ ẹ́. Mo bu omi fún un, kò mu ún. Ó tilẹ̀ gbàgbé sípánà rẹ̀ síbí. Ọmọlúàbí gbáà ni."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò bi í."

"Nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ńkọ́? Rìsíìtì! Rìsíìtì á ní orúkọ lórí."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni pé oòrùn ti pa á lójú ọ̀nà. "Rìsíìtì kẹ̀? Ó dá iye méjì, mo mú èyí tó dín. Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi pé òmùgọ̀ ló ń san èkíní?"

Ó jókòó sórí àga ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wá sọ fún un nígbà náà, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ohun tó wà nínú páìpù. Obìnrin náà kò pariwo. Ó wo ògiri dídán náà.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ó wí, "tí ẹ fi ní kí n máa ra ọṣẹ láwìn." Ó jáde, ó lọ kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Má-Kọ-Ọ́ mú sípánà àlejò náà, ó sáré lọ sí ìkóríta. Ẹni tó ń ta páìpù ń to ẹrù.

"Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ nílé mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ta ni? Níbo ló ń gbé?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o. Ó ti wá rajà níbí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin."

"O ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Ọlọ́jà gbé páìpù sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ọ̀gá Má-Kọ-Ọ́, ọdún mẹ́wàá lẹ ti ń rajà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo kọ tiyín rí? Ọjọ́ tí mo mú ìwé jáde, kí lẹ sọ?"

Má-Kọ-Ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó kiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́jọ́ náà, ó ń na sípánà sí àwọn oníṣẹ́ lójú. Sípánà dára, ó nípọn, kò sì sí àmì kankan lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá obìnrin kan jókòó lẹ́yìn tábìlì gíga, ó ṣí ìwé ńlá kan síwájú.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Páìpù."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Púlọ́ńbà ni mí."

"Ta lẹ fura sí?"

"Púlọ́ńbà ni."

Ọlọ́pàá gbé kálámù sílẹ̀. "Ẹ dúró ná. Púlọ́ńbà wá ṣiṣẹ́ nílé púlọ́ńbà, ó wá jí páìpù púlọ́ńbà lọ?" Ó ké sí ẹnì kejì rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. "Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Ọ̀gá, ta ló pè é? Ṣé irinṣẹ́ yín ń ṣàìsàn ni?"

"Ìyàwó mi ló pè é."

"Orúkọ rẹ̀?"

"A ò mọ̀ ọ́n."

"Rìsíìtì tó kọ?"

"Kò kọ rìsíìtì."

"Kí ló dé tí ìyàwó yín ò gbà á?"

Má-Kọ-Ọ́ wo àjà. "Ó wọ́n."

Ọlọ́pàá kejì bú sẹ́rìn-ín, ó padà sí ìdí fèrèsé. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo bí òógùn ṣe ń ṣàn ní iwájú orí ọkùnrin náà, nínú yàrá tí fáànù ń fẹ́.

"Ọ̀gá, ènìyàn kì í làágùn báyìí nítorí páìpù. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Owó díẹ̀."

"Èló?"

Ó pín iye náà sí mẹ́ta nínú ọkàn rẹ̀, ó dárúkọ ìdá kan péré. Síbẹ̀, ọlọ́pàá fi súfèé. Ó mú kálámù.

"Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. A máa wá ọkùnrin yìí, gbogbo àgọ́ la máa fi tó létí. Ẹ máa kó ẹ̀rí wá pé ẹ̀yin lẹ ni owó náà, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe, ẹni tó san án. Irú iye yìí, a máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí. Ilé kejì síbí ni wọ́n wà. Ẹ tún un sọ kí n kọ ọ́—"

"Ẹ má kọ ọ́!"

Ọwọ́ rẹ̀ ti nà jáde kí ó tó mọ̀, àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ìwé náà mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ẹni tó ni ín. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti tutù bí omi àná.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lórí ìwé ìjọba. Ó dáa. Kí ni kí n kọ?"

Ibẹ̀ gan-an ló ti ní láti yàn. Bó bá sọ òtítọ́, wọ́n lè rí owó náà, ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún yóò tẹ̀lé e jáde nínú páìpù. Bó bá dákẹ́, ó ti pàdánù rẹ̀.

"Páìpù ni kí ẹ kọ."

"Páìpù kan," ni ọlọ́pàá ń kà bó ṣe ń kọ ọ́, "tó ti gbó. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan."

"Òfìfo." Ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, ó ya ẹ̀dà kan fún un. Ìwé àkọ́kọ́ tí Má-Kọ-Ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n kọ nìyẹn, irọ́ sì ni.

Láti ibẹ̀ ó gba ọsibítù lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n sì máa ń yá ènìyàn lówó kíákíá. Wọn kò béèrè ju ohun kan lọ: kí ẹni tó máa jẹ gbèsè fi ìwé hàn pé òun ń rí owó. Ìwé kan ṣoṣo tó ní ni fọ́ọ̀mù owó orí ọdún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á níbi àtẹ̀gùn, ó tún un kà.

"Àbúrò mi, bí ohun tí o kọ síbí bá jẹ́ òótọ́, owó oúnjẹ ló yẹ kí n fún ẹ, kì í ṣe owó ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin mọ̀ pé mò ń rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni? Pé o purọ́ fún ìjọba, ṣùgbọ́n o ò ní purọ́ fún wọn?" Ó ká fọ́ọ̀mù náà, ó fi lé e lọ́wọ́. "Màmá wà lókè. Gun òkè lọ kí i. Ẹ̀rọ ò tíì ṣe é gùn."

Kò lọ kí ìyá rẹ̀. Ó ní agogo ń lọ.

Agogo mẹ́ta kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Bàbá onílé jókòó sórí àga, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Télọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì.

"Ó dà?" ni bàbá bi í.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní owó náà. Mo ní in."

"Níbo ló wà?"

Bàbá dúró títí aago fi lù, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yíjú sí télọ̀. "Ọmọ mi, mú ìwé rẹ wá."

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Télọ̀ tẹ fóònù, báńkì dáhùn, bàbá buwọ́ lùwé. Télọ̀ wá yíjú sí ayálégbé tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti di tirẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò káàánú rẹ̀. Ó ya bébà kan nínú ìwé rìsíìtì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú síbí pé ẹ ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kí ọ̀rọ̀ má baà di àríyànjiyàn lọ́la."

Ó buwọ́ lù ú. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò méjì, ó kó páìpù tó kù sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró tì wọ́n nínú oòrùn. Sípánà àlejò náà wà lókè gbogbo rẹ̀, ó ń dán.

Tíṣà kan tó ń kọjá, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró. "Ọ̀gá, ó dáa bí mo ṣe rí yín. Omi ilé wa ti dí. Èló lẹ máa gbà?"

Má-Kọ-Ọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Télọ̀ ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, bàbá onílé ti lọ. Ó sọ iye kan sókè, ó ń wo ògiri. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ tíṣà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àmọ́ bí ẹ ò bá ní kọ ọ́," ó wí.